ÌNIRA IṢẸ́ ÀTI ÌWÚRÍ: OHUN TÍ Ń MÚ ÈSO IṢẸ́ PỌ̀ SÍ I ÀTI OHUN TÍ Ń DÍN IN KÙ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, ẹni tí ó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tí ó ní òun kọ igba, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, ọgọ́rùn-ún irọ́ ni yóò jẹ kù. Àgbẹ̀ ni a pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀gá ilé-iṣẹ́, olórí ẹ̀ka ní ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀gá ilé-ìwé, àti gbogbo ẹni tí ń gba alágbàṣe sí oko kòkó pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń ka iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi dúró lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì gbà pé iye iṣẹ́ tí a ṣe ni àwọn kà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn rí. Wákàtí wà lọ́tọ̀, èso iṣẹ́ wà lọ́tọ̀.

Kí ẹ̀kọ́ yìí lè yé tọmọdé tàgbà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èso iṣẹ́ ni ohun tí iṣẹ́ mú jáde láàárín àkókò kan, ní iye àti ní dídára. Másùnmáwo iṣẹ́ ni ìnira tí ń bá ara àti ọkàn nígbà tí ohun tí iṣẹ́ ń béèrè bá ju agbára, àkókò, irinṣẹ́ tàbí àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Ìwúrí ni ohun tí ń mú kí ènìyàn fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà dáradára láti inú ọkàn rẹ̀ wá, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe ìyìn, ìbáà ṣe ìrètí ìgbéga.

Nígbà tí èso iṣẹ́ bá dín kù, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ọ̀gá lẹ́nu ni pé ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́. Wọn a sì fi ariwo kún ariwo, wọn a fi wákàtí kún wákàtí, wọn a sì gé owó. Ọ̀lẹ ń bẹ láyé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti fi ọ̀ràn yìí wò nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá láti ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n rí kò sì fara mọ́ ìdájọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀.

1. KÌ Í ṢE GBOGBO ÌNIRA NI Ó BURÚ

Ní ọdún 1908, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Yerkes àti John Dodson, kọ́ àwọn èkúté láti yan ọ̀kan nínú àpótí méjì. Èkúté tí ó bá yàn án ṣì, iná mànàmáná díẹ̀ a gbọ̀n ọ́n. Wọ́n rí i pé nígbà tí ohun tí èkúté ní láti kọ́ rọrùn, iná líle a máa mú un yára kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ náà ṣòro, iná líle a máa da orí rẹ̀ rú; iná tí ó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó dára jù lọ.

Ènìyàn kì í ṣe èkúté, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti kíyè sí iṣẹ́ ènìyàn láti ìgbà náà rí ohun tí ó jọ ọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àgbẹ̀ a jí kùtùkùtù, nítorí ó mọ̀ pé àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a túbọ̀ ṣí ìwé. Ìnira bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn dìde ni, nítorí ó ní ìdí, ó sì ní òpin. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ń ṣírò owó, tí ọ̀gá sì dúró lé e lórí tí ó ń jágbe mọ́ ọn, àṣìṣe ni yóò pọ̀ nínú ìṣirò náà. Bí iṣẹ́ bá ti gba ìrònú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdààmú ń ṣe é ní ibi tó. Igi wíwọ́ lè fara da ariwo; ìwé ìṣirò, abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì àti kíkọ́ ọmọdé ní ìwé kò lè fara dà á.

2. WÁKÀTÍ GÍGÙN ÀTI ỌTA ÌBỌN

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílò ọta ìbọn lójú méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn nítorí pé àwọn ọkùnrin ti lọ sí ojú ogun, ń ṣe iṣẹ́ 70 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Àwọn mìíràn kì í sinmi ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó lè pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ọ̀lẹ; àwọn ọmọ àti arákùnrin wọn ni ó ń dúró de ọta náà.

Ní 1915 ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan láti wo ìlera àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìwádìí fún un ni H. M. Vernon, onímọ̀ nípa bí ara ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Kò fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ó ka iye ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe jáde ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wé iye wákàtí wọn. Ó rí i pé nígbà tí a dín wákàtí àwọn obìnrin kan tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ̀yà ara ọta kù, láti nǹkan bí 66 sí ohun tí kò tó 50 lọ́sẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jáde kò dín kù. Ó pọ̀ sí i ni. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ẹni tí ó ti rẹ̀ a máa lọ́ra, a máa ba irin jẹ́, a máa farapa, a sì máa ṣàìsàn.

Ní 2014, John Pencavel, olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tún gbé àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ìṣirò òde òní. Ohun tí ó rí ni pé títí dé nǹkan bí 49 wákàtí lọ́sẹ̀, bí wákàtí ti ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè wákàtí kọ̀ọ̀kan tí a fi kún un bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ṣe 70 wákàtí kò fi bẹ́ẹ̀ mú ohun tí ó ju ti ẹni tí ó ṣe 56 lọ jáde. Wákàtí 14 ti lọ lásán. Ọ̀gá náà kọ ọgọ́rùn-ún ebè, ó sì ń pariwo igba.

Kì í sì í ṣe èso iṣẹ́ nìkan ni ó ń lọ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ ìṣirò wọn di mímọ̀ pé ní ọdún 2016, nǹkan bí 745,000 ènìyàn ni àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ pa nítorí iṣẹ́ tí ó tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lo òṣìṣẹ́ rẹ̀ láìsinmi, ẹ̀mí ni ó ń ná.

3. AGBÁRA OWÓ ÀTI OHUN TÍ OWÓ KÒ LÈ ṢE

Ní 1913, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Henry Ford ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun kan. Kàkà kí òṣìṣẹ́ máa rìn yí ọkọ̀ ká, ọkọ̀ ni a ń fà kọjá níwájú òṣìṣẹ́, olúkúlùkù a sì máa ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ kékeré kan léraléra. Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ tí à ń tò fún ju wákàtí 12 lọ tẹ́lẹ̀, kò gbà ju nǹkan bí wákàtí kan àtààbọ̀ lọ mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà sú àwọn ènìyàn. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Láti lè ní nǹkan bí 14,000 òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún náà, ó di dandan kí ilé-iṣẹ́ náà gba iye tí ó ju 50,000 lọ. Bí a bá kọ́ ọ̀kan lónìí, a ti lọ lọ́la.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 1914, Ford kéde pé òun yóò san dọ́là márùn-ún lóòjọ́, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì owó àtẹ̀yìnwá lọ, òun yóò sì dín iṣẹ́ kù láti wákàtí 9 sí 8. Àwọn ènìyàn rọ́ dé ẹnu ọ̀nà bí omi. Àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ dín kù púpọ̀púpọ̀, èso iṣẹ́ pọ̀, èrè ilé-iṣẹ́ náà sì ga. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé owó kò já mọ́ nǹkan. Ẹni tí ebi ń pa, tí owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ ń gbé lọ́kàn sókè, kò lè fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Owó náà ní àdéhùn nínú: ilé-iṣẹ́ a máa rán ènìyàn lọ sí ilé òṣìṣẹ́ láti wo bí ó ti ń gbé, bí ó bá ń mutí, bí ó bá ń fi owó pamọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀rọ ń yára sí i, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ní oṣù Kẹrin 1941, àwọn òṣìṣẹ́ Ford ní River Rouge da iṣẹ́ sílẹ̀, títí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá májẹ̀mú. Owó mú wọn wá, ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó láti fi ọkàn wọn balẹ̀.

4. ẸNI TÍ A BÁ FETÍ SÍ

Ní Cicero, lẹ́bàá ìlú Chicago, ilé-iṣẹ́ Western Electric ní ibi ńlá kan tí à ń pè ní Hawthorne, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù. Láti 1924 títí di 1932, wọ́n ṣe ìwádìí níbẹ̀ lórí ohun tí ń mú iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi kún ìmọ́lẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kan; iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn tí a kò fi kún ìmọ́lẹ̀ wọn náà pọ̀ sí i. Ó ya àwọn olùṣèwádìí lẹ́nu.

Ní oṣù Kẹrin 1927, wọ́n yan obìnrin mẹ́fà sí yàrá ọ̀tọ̀. Wọ́n fún wọn ní àkókò ìsinmi díẹ̀ láàárín iṣẹ́, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ òwúrọ̀, wọ́n dín wákàtí wọn kù, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè èrò wọn kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà. Láàárín ọdún méjì, iṣẹ́ wọn ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Elton Mayo, tí ó jẹ́ kí ìròyìn ìwádìí náà tàn káàkiri, fi yé ayé pé ìfetísílẹ̀ àti ìfẹ́ tí ó wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ni ó fa ìlọsíwájú náà. Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn. Wọ́n tọ́ka sí i pé a yí ọ̀nà ìsanwó àwọn obìnrin náà padà, a sì fi àwọn mìíràn rọ́pò méjì nínú wọn. Ohun tí ó dájú ni pé ìsinmi, owó tí ó tọ́ àti ọ̀wọ̀ jọ rìn pọ̀ nínú yàrá náà, èso iṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn.

Yàrá kejì tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Láti 1931 sí 1932, wọ́n ń wo ọkùnrin 14 tí ń so wáyà. Àwọn wọ̀nyí ti bá ara wọn ṣe àdéhùn lábẹ́lẹ̀ nípa ìwọ̀n iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a sì gbá a ní apá. Kì í ṣe pé wọn kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá ṣe púpọ̀, ọ̀gá yóò dín owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kù, tàbí kí ó lé àwọn kan lọ. Níbi tí ìgbẹ́kẹ̀lé kò bá sí, òṣìṣẹ́ a máa fi agbára rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tí ń fi owó pamọ́ fún ọjọ́ ibi.

5. ẸNI TÍ KÒ NÍ ẸNU NÍNÚ IṢẸ́ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀gá àgbà ni másùnmáwo ń pa, nítorí ẹrù tí ó wà ní orí rẹ̀. Ìwádìí kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Whitehall, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé òdìkejì ni. Nǹkan bí 18,000 ọkùnrin ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wò. Nínú gbogbo wọn kò sí akúùṣẹ́, gbogbo wọn sì ń gba owó oṣù. Síbẹ̀, ikú láàárín àwọn tí ó wà ní ipò ìsàlẹ̀, bí ìránṣẹ́ àti aṣọ́nà, tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí ó wà ní òkè pátápátá. Sìgá mímu àti oúnjẹ nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ìwádìí kejì, tí Michael Marmot ṣe olórí rẹ̀ láti 1985, kan ọkùnrin àti obìnrin tí ó ju 10,000 lọ. Ó fi hàn pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fún ní àyè láti pinnu ohunkóhun, àní bí yóò ti to iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ni àrùn ọkàn ń bá jà jù. Ẹrù tí ènìyàn ní àṣẹ lórí bí òun yóò ti gbé e a máa fúyẹ́ díẹ̀; ẹrù tí a kàn gbé karí ẹni láìsí ọ̀rọ̀ a máa tẹ ni mọ́lẹ̀.

6. BÍ Ọ̀RÀN TI RÍ NÍ ILẸ̀ WA

Àwọn baba wa kò nílò ìwé láti mọ ohun wọ̀nyí. Nínú àáró, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ a máa lọ sí oko olúkúlùkù wọn ní títẹ̀léra. Kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ebè ń pọ̀, nítorí orin ń lọ, ìdíje ọ̀rẹ́ wà, olúkúlùkù sì mọ̀ dájú pé ìyípo náà yóò kan òun. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó pe àwọn ènìyàn a pèsè oúnjẹ àti ohun mímu, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Ìdájọ́ òdodo, ìsinmi, oúnjẹ, ẹgbẹ́ rere àti ìyìn: kò sí ọ̀kan nínú ohun tí a rí ní Hawthorne tí ó ṣàjèjì sí oko Yorùbá.

Ìtàn iṣẹ́ oṣù ní Nàìjíríà náà jẹ́rìí sí i. Ní 1963, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí Adájọ́ Adéyínká Morgan ṣe olórí rẹ̀, láti wo owó iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1964, ṣùgbọ́n ìjọba lọ́ra láti sọ ohun tí ó wí di mímọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Owó ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ìjọba ni ó fi epo sí iná náà.

Ní oṣù Keje 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà, láti 30,000 tí ó wà láti 2019. Láàárín ọdún márùn-ún náà, iye owó oúnjẹ àti ti ọkọ̀ wíwọ̀ ti fò sókè, pàápàá lẹ́yìn tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023. Òṣìṣẹ́ tí ó ti fi wákàtí méjì dúró de ọkọ̀, tí ó sì ti ṣírò owó tí yóò fi padà sílé kí ó tó jókòó, ti lo apá kan nínú agbára òòjọ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

7. ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N, ÀTI OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ ti tán lágbára: àárẹ̀ tàbí àìlágbára, kí ọkàn ẹni jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó máa ro ibi nípa rẹ̀, àti àìlè ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ mọ́. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí lára ara rẹ̀ tàbí lára ẹlòmíràn, kí ó má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ó lè ṣe ìrànwọ́, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn bí ó bá pẹ́.

Ẹni tí ń gbani síṣẹ́, kí ó ka ebè, kí ó má ka wákàtí nìkan. Kí ó san owó ní ọjọ́ tí ó dá. Kí ó fi àkókò ìsinmi sí i, kí ó sì pèsè irinṣẹ́ tí ó mú. Kí ó sọ ohun tí ó ń fẹ́ kedere, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti lè dára sí i. Yinni yinni kí ẹni lè ṣe mìíràn. Ìyìn tí ó tọ́ kò ná ọ̀gá ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ a máa ná an ní púpọ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára.

Òṣìṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ìsinmi tí a fún un kì í ṣe fún àríyá títí di òru. Bí ẹrù bá wúwo jù, kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí iṣẹ́ tó bàjẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bàjẹ́. Kí ó má sì ṣe fi orúkọ másùnmáwo bo ìmẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ìwà bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a gba àwọn tí ìyà ń jẹ nítòótọ́ gbọ́.

Nígbà tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá pa àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́, igba ebè tí a kà yóò jẹ́ igba ebè ní tòótọ́, iṣu rẹ̀ yóò sì tó gbogbo ilé jẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KÀWÉ PỌ̀

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìnira tí ń gbé ènìyàn dìde àti èyí tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ẹ mú àpẹẹrẹ wá láti inú iṣẹ́ yín.
2. Èé ṣe tí èso iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe ọta ìbọn fi pọ̀ sí i nígbà tí a dín wákàtí wọn kù?
3. Kí ni owó Ford lè ṣe, kí ni kò sì lè ṣe?
4. Èé ṣe tí àwọn ọkùnrin 14 tí ń so wáyà kò fi ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe? Ǹjẹ́ irú rẹ̀ wà láàárín àwọn alágbàṣe ní àdúgbò yín?
5. Nínú àáró àti ọ̀wẹ̀, èwo nínú àwọn àṣà rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì òde òní lè mú lò?

Ẹni tí ó lè kàwé, kí ó ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún àwọn tí kò lè kà á, kí gbogbo wọn sì jọ dáhùn.